Ọkọ̀ Ìbejì Tí Kọ́ládé Fẹ́ Rà

Kọ́ládé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara Tẹniọlá ìyàwó rẹ le? Iṣẹ́ ọsibítù ní Igbóbì ńkọ́? Olúwa tí kò jẹ́ kí òkun gbé mi lọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí kò ní jẹ́ kí Èkó gbé yín mì. Àlàáfíà ni a wà níbí, àfi omi tó tún wọ ilé ìdáná wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ti gbọ́n ọn jáde.

Àwòrán ọkọ̀ méjì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Delight, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ti dé. O ní kí n bá ọ yan ọ̀kan, nítorí pé ogójì ọdún ni mo fi kan ọkọ̀ ní etíkun yìí. Ó dùn mọ́ mi nínú, ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó wò wọ́n. Bí mo ṣe máa ń ṣe, mo fi ìka kan ara èkíní láti gbọ́ bóyá pákó rẹ̀ gbẹ dáadáa, dígí ni ó ń dún. Mo ní kí Delight yí i padà kí n rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó yí fóònù, ọkọ̀ bá dorí kodò, mo ní ọkọ̀ tó dojú dé lórí tábìlì, kí ni yóò wá ṣe lójú omi? Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n so pọ̀ bí ìbejì, ìgbòkun dúró láàárín wọn. Táyà tó wà lábẹ́ wọn ni kò yé mi. Delight ní mọ́tò ni yóò máa fà á láti ilé yín ní Pedro lọ sí etí ọ̀sà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkọ̀ tó bá ń sùn láàárín mọ́tò yóò gbàgbé omi. Máa bu omi ọ̀sà wọ́n ọn lára láràárọ̀.

Nígbà tí mo rí ìgbòkun yẹn, omijé bọ́ lójú mi. Ìyá rẹ Leah ni mo rántí, kí Olúwa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àpò fúláwà ni ó fi rán tiwa, òun ló ń di okùn mú, èmi ń darí ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹja gbígbẹ kún àárín wa, ó di èbúté Bariga. Kò sí ariwo ẹ́ńjìnnì, àfi orin ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń kọ. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti jókòó sábẹ́ ìgbòkun kẹ́yìn, ó sì wù mí kí n tún jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ojú mi tó ń ṣe bàìbàì yìí tó fọ́ pátápátá.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Èyí tí ìgbòkun rẹ̀ pupa yára, mo rí i, mo sì mọ̀ pé ọkàn rẹ ń fà sí i, ṣùgbọ́n Delight kà á fún mi pé èèyàn méjì péré ni ó ń gbà. Èyí tó funfun lọ́ra díẹ̀, èèyàn mẹ́rin ni ó ń gbà. Mo ka ìwọ, mo ka Tẹniọlá, mo wá rí i pé funfun ni ọkọ̀ gidi. Bí mo bá ní kì í ṣe nítorí ara mi ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni mo pa.

Jọ̀wọ́, fi owó tí n óò fi wọkọ̀ wá sí Bariga ránṣẹ́, àti ti bàtà tí kì í yọ̀. Má fi sí báńkì, wọ́n ń bèèrè orúkọ ilé bàbá ìyá mi, mi ò sì mọ ìjà tí wọ́n ń wá.

Olúwa yóò máa fi afẹ́fẹ́ rere tì yín lẹ́yìn, ẹ ò ní rì, ẹ ò ní ṣìnà. Bí o bá sì ti ra pupa kí lẹ́tà yìí tó dé, mi ò ní bínú. Ṣáà bá mi kí Tẹniọlá, kí o sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́, kí ó dúró ní èbúté fún wákàtí kan, kí ó yá mi ní àyè rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Raphael