Òṣómàáló Lẹ́nu Ọ̀nà Tíátà

Bàbá mi, òṣómàáló tí kì í dìde lásán,

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ní kí n jókòó kọ lónìí. Mátíróònù, ọ̀gá gbogbo àwa nọ́ọ̀sì, ló fún mi ní bébà àti gègé, ó sì fi mí sílẹ̀ nínú yàrá tí a ti ń ká aṣọ. Kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ dókítà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí n kó ẹrù mi. Mo tẹjú mọ́ bébà náà títí, ẹ̀yin ni mo rántí. Ẹ̀yin náà ni mo sì ń kọ ọ́ sí.

Ẹ ò dúró rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Èmi ni mò ń kun aláìsàn lóorun ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Iléṣà. Bí dókítà bá fẹ́ la ikùn, oorun nìkan kò tó. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dẹ gbogbo iṣan ara, kí ikùn lè rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹni tó bá gbà á kò lè gbé ọwọ́, kò lè la ojú, kò lè dá mí. Èmi ni mo máa ń fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà tí mo fi ń mí fún un títí iṣẹ́ fi parí. Lẹ́yìn náà la óò gún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn tó ń tú ti àkọ́kọ́. Àmọ́ kì í tú lójú ẹsẹ̀. Ènìyàn lè ti máa mí díẹ̀díẹ̀, kó jọ pé ó ti bọ́, kó má sì tíì bọ́. Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ títí yóò fi gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, kó sì dá a dúró.

Bàbá mi, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ̀yin gbé orí. Ọmọ iléèwé ni mí nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún yín nílùú òkèèrè. Wọ́n wọ́ yín jáde, gbogbo wa rò pé ẹ̀ ń sùn. Mo di ọwọ́ yín mú, ìka yín fún tèmi, àmọ́ kò lágbára rárá. Ìpéǹpéjú yín ń gbọ̀n, kò lè ṣí. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ wa? Ṣé ẹ̀ ń pè mí ni? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti lọ. Ìyá mi gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi ò gbà. Mi ò gbà títí dòní! Ọlọ́run kọ́ ló wọ́ yín jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àgbẹ̀ kan láti Ẹ̀sà-Òkè ló wà lórí tábìlì, ìfun rẹ̀ lọ́ pọ̀. Dókítà ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Bó ṣe ń rán ikùn tán ni wọ́n gbé ọkùnrin kan dé tí lọ́rì ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lọ́nà Òṣogbo. Tábìlì kan ṣoṣo la sì ní. Mo gún àgbẹ̀ náà ní abẹ́rẹ́ tó ń tú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí mí, dókítà sì pàṣẹ kí wọ́n máa wọ́ ọ lọ sí wọ́ọ̀dù. Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo pe oríkì rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kọ́ mi, Àkànní, kó gbé orí. Orí náà mì díẹ̀, ó sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ni mo bá rántí akọ̀wé rélùwéè tó ra aṣọ àwìn lọ́wọ́ yín l'Óṣogbo. Ẹ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti òwúrọ̀, ẹ bọ́ fìlà lé orúnkún, ẹ ń jẹ orógbó. Ẹ ò bú ẹnikẹ́ni, ẹ kàn ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé omi wá, ẹ mu ún, ẹ dúpẹ́, ẹ tún lóṣòó yín lọ. Èmi tí mo tẹ̀ lé yín lọ, ojú tì mí lọ́jọ́ náà o! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ẹ ò dìde títí ó fi san án.

Mo fa kẹ̀kẹ́ tí wọ́n tẹ́ Àkànní sí dí ẹnu ọ̀nà tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ wa, mo fi ẹsẹ̀ há táyà rẹ̀, mo tún ń fún àpò rọ́bà mi. Lójú gbogbo wọn, ìdúró ni mo dúró, àmọ́ nínú mi, òṣó ni mo ló. Oògùn wa jẹ ọkùnrin yìí ní gbèsè èémí, mi ò sì ní kúrò àfi tó bá san án. Dókítà jágbe mọ́ mi, mo ń fún àpò mi lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ kíkán náà ń ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, igbe rẹ̀ sì ń fi mí lọ́kàn balẹ̀, torí ẹni tó lè ké tó bẹ́ẹ̀, èémí rẹ̀ pé. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé èmi ni màá wá dúró níbẹ̀ kí orí Àkànní wọ́?

Nígbà tó ṣe, mo tún pè é. Ó gbé orí! Ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó dá a dúró, ó la ojú, ó sì fi wò mí tìbínú-tìbínú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. Mo bú sẹ́kún. Mo yọ ẹsẹ̀ kúrò lára táyà.

Wọ́n ní mo tàbùkù dókítà lójú àwọn òṣìṣẹ́. Bóyá mo tàbùkù rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ti to ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn, Àkànní sì ń mu ẹ̀kọ ní wọ́ọ̀dù, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà pé ṣúgà rẹ̀ kò tó. Ìyá mi ti ránṣẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Mo gbọ́. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún? Ṣé kí n bẹ̀bẹ̀ pé ó gbé orí?

Mátíróònù ti ń kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ gba ìwé rẹ̀. Èyí tí mo kọ rèé, òun náà ni màá fún un. Bó bá le, kó le. Ẹ̀yin ẹ sinmi orí yín, Bàbá mi. Tàwọn tó kù, èmi ni n ó máa ní kí wọ́n gbé e.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì lóṣòó.