Ṣẹ́ẹ̀tì Aláwọ̀ Ìyeyè fún Àǹtí Kàfáyàt

Fúláàtì 307,
Ẹ̀yìn Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Ta Ọkọ̀,
Abu Shagara,
Sharjah, U.A.E.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Kàfáyàt,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó ilé. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ẹsẹ̀ Màmá tó ń wú ńkọ́, ṣé ó ti fà díẹ̀? Ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn, àbí wọ́n ṣì ń kó o pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, tí wọ́n á ní àwọn ti lò ó? Bàbá Àṣírù ńkọ́? Àṣírù fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti jáwọ́ nínú fífi sísọ́ọ̀sì ìránṣọ yín gé páálí? Ní tèmi, mo wà dáadáa, mo dúpẹ́. Ooru ti ń dínkù níbí. A ti lè fẹsẹ̀ rìn dé Rolla nírọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé aṣọ lẹ̀ mọ́ wa lára.

Ó máa yà yín lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Látìgbà tí mo ti fi yín rẹ́rìn-ín lórí fóònù nínú oṣù kẹjọ, tí mo bá ti pè, ẹ ó kàn ní “a wà dáadáa,” ẹ ó sì gbé fóònù fún Màmá. Mò ń ṣe bí ẹni tí kò fura. Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ẹ fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, pé ìparí oṣù kẹwàá ni wọ́n máa tì í. Èmi bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Àǹtí mi, ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì? Kí àwọn ọmọ kéékèèké máa pè yín ní Màmá nínú kíláàsì?” Ẹ ò bú mi. Ẹ kàn ní ó dáa. Oṣù kẹwàá náà la wà yìí, ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Gbémiga, tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ parí, ń bọ̀ nílé ní Ọjọ́bọ̀, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mi ò fẹ́ kí ẹ tún gbé fóònù fún Màmá kí n tó sọ tẹnu mi tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ mọ Ẹgbẹ́ Òdòdó wa, tí mo máa ń fi fọ́tò rẹ̀ yọ yín lẹ́nu. Àwa obìnrin Nàìjíríà tí à ń kàwé níbí la dá a sílẹ̀, Mùsùlùmí àti Kristẹni, kí a lè máa ríra wa. Rachel, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, ni ààrẹ. Èmi ni alága pátí, ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kí n ṣètò oorun pàápàá, màá kọ́kọ́ wá àwọ̀ tó bá a mu. Gbogbo pátí wa ló ní àkòrí tirẹ̀, gbogbo àkòrí ló sì ní ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. A ti ṣe Ọjọ́ Yunifọ́ọ̀mù, tí a ya kọ́là àti táì ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì. A ti ṣe Ọjọ́ Òjò lọ́dún tó kọjá, nítorí pé òjò kì í sábà rọ̀ níbí. Agbòjò ni a yà sáyà. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni òjò gidi dé, tí omi gba gbogbo ìsàlẹ̀ ilé ní Abu Shagara. Títí dòní ni Rachel ń sọ pé èmi ni mo lọ pè é wá.

Tọdún yìí, mo ní Ọjọ́ Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò la máa ṣe. A rí i lórí fóònù bí àwọn ọmọbìnrin yunifásítì ní Amẹ́ríkà ṣe máa ń ṣe é. Ẹni tuntun tó bá wọ ẹgbẹ́, wọ́n á yan ẹnì kan tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ ní ẹ̀gbọ́n fún un. Wọn ò ní fojú ríra títí di ọjọ́ pátí, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó bára mu, tí wọ́n á dì mọ́ra, tí omi á bọ́ lójú wọn. Ó wù mí gan-an. Mo ní kí ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ àwọ̀ àlùkò, kí ti àbúrò jẹ́ ìyeyè, kí orúkọ ẹ̀gbọ́n sì wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì àbúrò rẹ̀. Mo tún ṣòfin pé kí gbogbo ẹni tuntun fi àwòrán òdòdó dípò fọ́tò ara wọn lórí WhatsApp, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà hàn.

A ṣẹ́ gègé, Sẹ̀kínátù ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àǹtí mi, mo yọ̀! Ọmọ náà mọ ìwà hù. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo máa kọ sí i tí kò ní dáhùn pé “Yes ma,” “Good evening ma.” Mo sọ fún Rachel pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni mo rí gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní bébì mi. Mo ní kó máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n mi, kó má sì pe orúkọ mi lásán. Mo ní kó dé ní aago kan lọ́jọ́ pátí kó wá bá wa fẹ́ bàlúùnù. Nígbà tó ní kí n má bínú, pé òun máa wà níbi iṣẹ́ títí di aago méjì, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i pé ọmọdé tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ kọ́ láti tètè máa dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ṣẹ́ẹ̀tì. Rolla la ti lọ tẹ̀ ẹ́, lọ́dọ̀ ọkùnrin ará Íńdíà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bhai. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò mọ àmì sí. Bó ṣe tẹ EGBON gbàǹgbà gbàǹgbà nìyẹn, Rachel sì kà á pé “eégbọn,” èyí tó ń jẹ ajá lára. Bhai ní, “Habibti, letter same-same.” Mo ní kì í ṣe same-same rárá. Mo ra ọ̀dà aṣọ funfun, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ mi kọ àmì sórí ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá. Níbi tí mo ti ń fà á lọ́kọ̀ọ̀kan ni ohùn yín dé sí mi létí, “Dò ló wálẹ̀, mí ló gòkè, re ò ní nǹkan kan lórí.” Ṣé ẹ rántí? Ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ yín lẹ máa ń fi kọ ọ́ sórí àjákù aṣọ dúdú, ẹ ó fi ẹsẹ̀ kan sórí pẹ́dà máṣíìnì, ẹ ó ní kí n kà á kí ẹ tó rán ìlà tó kàn. Mo rántí, inú mi dùn, mo sì tún gbàgbé. Pátí ló wà lórí mi.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá la ṣe é, ní òkè ilé oúnjẹ Nàìjíríà kan ní Al Rigga. Aago mẹ́ta ti lù, àwọn àbúrò márùn-ún ti dé, tèmi nìkan ni a ò rí. Mo ti ń kùn. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí, ìyá kan wọlé tó tó ẹni ogójì ọdún. Ó wọ ṣòkòtò àwọn sikiọ́ríìtì, bàtà dúdú ńlá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi híjáàbù borí. Mo rò pé ẹni tó ni ilé oúnjẹ ló wá bá wa jà nítorí ariwo. Mo kúnlẹ̀ kíá. Mo ní, “Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú mà, a máa dín in kù.” Ó wò mí, ó wo orúkọ tó wà láyà ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ló bá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ni Azeezat? Èmi ni Sẹ̀kínátù. Èmi ni bébì yín, mà.”

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Gbogbo iṣẹ́ tí mo rán an, gbogbo “ọmọdé” tí mo pè é, wọ́n tò kọjá lójú mi bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe sikiọ́ríìtì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà kan, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń pè ní mà, ìdí tí “Yes ma” fi mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn. Oṣù tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Àwa ò sì ronú kàn án láé pé lọ́dọ̀ àwọn tí a wò ṣe, ẹni tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó kọ́kọ́ wá sáyé ni. A jẹ́ ọmọ Yorùbá mẹ́jọ tó ṣètò yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè ọjọ́ orí.

Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi, tí mo kọ ÀBÚRÒ AZEEZAT sí lẹ́yìn. Mo fi pamọ́ sẹ́yìn mi bí ẹni tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Rachel ní kí n fún Àǹtí náà ní àlùkò. Ẹlòmíì ní kí a yí ìyeyè náà sódì. Mo ti ń bọ́ tèmi láti orí aṣọ tí mo wọ̀ sábẹ́ nígbà tí Àǹtí Sẹ̀kínátù na ọwọ́. Wọ́n ní, “Khalas, ó tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní aṣọ mi.” Wọ́n ní àkọ́bí ni àwọn, láti kékeré ni wọ́n ti ń pe àwọn ní ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò pe àwọn ní àbúrò rí. Wọ́n wọ̀ ọ́ sórí aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n yíjú sẹ́yìn kí gbogbo wa lè kà á, gbogbo yàrá pariwo.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n wá jókòó tì mí ní kọ̀rọ̀, wọ́n sì yọ ìwé kan jáde nínú báàgì. Iṣẹ́ àṣetiléwá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti fi bírò ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ó sì mọ́ tónítóní. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé. Odindi oṣù kan ni wọn ò fi bi ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ìwé tí wọ́n ti kọ sórí fóònù hàn mí, pé àwọn fẹ́ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó ku kí wọ́n tẹ bọ́tìnì. Mo ní kí ló dé tí wọn ò bi àwọn ọmọ kíláàsì wọn. Wọ́n ní, “Aunty ni gbogbo wọn ń pè mí. Ta ni Aunty fẹ́ bi? Àmọ́ àbúrò lè béèrè.”

Àǹtí mi! Ẹ̀rín tí mo rín lórí fóònù ni mo ń gbọ́. Màmá tí mo ní wọ́n máa pè yín nínú kíláàsì, òun náà ni Aunty tí wọ́n ń pe Àǹtí Sẹ̀kínátù, tó dí wọn lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ wà nígbà tí Bàbá kú, ẹ kúrò ní kíláàsì, ẹ jókòó sídìí máṣíìnì. Ẹ̀yin lẹ rán yunifọ́ọ̀mù tí mo wọ̀ lọ sílé-ìwé tí ẹ ò lè lọ mọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ta lẹ rí bi ní nǹkan? Èmi tí ẹ kọ́ ni mo wá ń fi yín rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe ọjọ́ orí yín ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ mi lára kó jẹ́ pé èmi nìkan ni mò ń kàwé nílé wa, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ dárí jì mí.

Mo fi bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́ hàn wọ́n. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa ìwé ìfisílẹ̀ yẹn rẹ́. Ní báyìí, wọ́n ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ń kúnlẹ̀ kí wọn, a jọ ń fi “ẹ” bá ara wa sọ̀rọ̀, a ò mọ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kejì.

Àná ni mo padà sọ́dọ̀ Bhai. Mo ní kó tẹ ṣẹ́ẹ̀tì kan péré fún mi, àwọ̀ ìyeyè, ìwọ̀n tiyín. Ó wà nínú ẹrù tí Gbémiga gbé wá. AKEKOO TUNTUN ni mo ní kó kọ sẹ́yìn rẹ̀, bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n kọ náà ló ṣe kọ ọ́. Mi ò fi ọ̀dà kàn án rárá. Ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ kan wà nínú ọ̀rá tí mo fi wé e, iṣẹ́ tiyín ni àmì fífi sí.

Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ẹ kí Bàbá Àṣírù, ẹ sọ fún Àṣírù pé bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà lọ́wọ́ Gbémiga. Rachel ní kí n kí yín. Àǹtí Sẹ̀kínátù náà kí yín, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ló máa ń nira.

Tí ẹ bá ti kọ fọ́ọ̀mù náà tán, tí ẹ sì ti dá a padà, ẹ má wulẹ̀ pè mí. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, kí Àṣírù ya ẹ̀yìn yín ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́. Màá kà á bí ẹ ṣe kọ́ mi.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ kọ́ ní ìwé,
Azeezat.