Orúnkún Tí Màmá Fi San Ẹ̀jẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Genivaldo,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù Tọ́kì kò pọ̀ jù? Òjò ti rọ̀ níbí, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí ìbejì. Ara Màmá ni kò yá, ohun tí mo fi kọ̀wé nìyẹn.

Ẹ rántí ọdún tí orúnkún yín bàjẹ́. Màmá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ẹni mímọ́ São Francisco pé bí ẹ bá tún gbá bọ́ọ̀lù, ẹ máa rìn dé Canindé, ìlú ẹni mímọ́ náà, láìwọ bàtà, ẹ ó sì gbé orúnkún tí wọ́n fi ìda ṣe kọ́ sí ilé ìjọsìn rẹ̀. Ẹ gbá a. Ẹ lọ sí Tọ́kì, ẹ padà wá wọ aṣọ nọ́ńbà mẹ́wàá ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù São Paulo fún ọdún méjì gbáko, ẹ kò yà sílé kí ẹ tó tún lọ.

Lóṣù tó kọjá, ẹ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé dókítà Tọ́kì ló wò yín sàn, bí ẹni pé ẹ kò ti gbá bọ́ọ̀lù kí ẹ tó dé ibẹ̀. Àǹtí Zuleide ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, São Francisco náà ní tẹlifíṣọ̀n o!" A rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó bọ́ bàtà, ó gbé orúnkún ìda náà, ó ní, "Ẹnu tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ẹsẹ̀ tirẹ̀." Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn dé Canindé; èmi ni mo gbé omi tẹ̀ lé e.

Orúnkún tirẹ̀ ti wú báyìí, kò lè dìde. Ẹ má fi owó ránṣẹ́, ẹ wá fúnra yín.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ orúnkún yín. Ti Màmá tó wà nílé kò rí ẹni tó máa jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un.

Àbúrò yín,
Jucileide