Ìwé Àbíkẹ́ Ará Ṣógúnlé

Abúlé Abórìṣàdé,
Ọ̀nà Ìwó,
Oṣù Kẹfà, 1975.

Sẹ̀kínátù, àbúrò mi tòótọ́,

Mo kí ọ, ìyá wa kí ọ, àwọn ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ìbá kí ọ bí wọ́n bá lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ̀ òfurufú tó ń gba orí ilé yín kọjá ní Mafolúkù kò tíì ká òrùlé yín lọ? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí a fojú sunkún rẹ. Láti ìgbà tí bàbá wa ti fi wá sílẹ̀ ni mo ti di bàbá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irùngbọ̀n mi kò tíì kún, nítorí náà má bínú bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà.

Òjò kò rọ̀ dáadáa níbí. Àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Wọ́n ní owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Èkó bí omi, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì gba owó Údójì tí wọ́n fi kún owó oṣù wọn, kálukú wọn ra rédíò, ṣùgbọ́n owó náà kò mọ ọ̀nà abúlé wa. Ìyá wa kò gbádùn. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ikọ́ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, oúnjẹ kò wù wọ́n jẹ mọ́, orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń wà látàárọ̀. Wọ́n ṣì ń béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ, Wàsílátù. Èmi náà ṣì ń dáhùn bí àwọn àgbà ilé ṣe ní kí n máa dáhùn láti ọjọ́ tí ikú ti pa á lórí ìkúnlẹ̀, tòun tọmọ, tí a sì sin ín sí Ìsọlọ̀: pé ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí Kánò, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ. A kì í ṣàdédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá tó ń ṣàìsàn. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo rí ìwé mẹ́ta tí o fi rán Táíyé awakọ̀. O ní ìwé tuntun ni, obìnrin ló kọ wọ́n, ọ̀rọ̀ obìnrin ló sì wà nínú wọn, àti pé àwọn obìnrin ń du wọ́n mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìwé tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣòdì, pé kí n máa kà wọ́n sí ìyá létí. Mo kà wọ́n. Èrò mi nìyí.

Èkíní jẹ́ ti oúnjẹ sísè. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí a gbé àkàrà òyìnbó sínú ààrò, kí a sì ti ilẹ̀kùn ààrò náà. Mo dìde, mo yí ààrò wa po, n kò rí ilẹ̀kùn kankan. Ìyá ní obìnrin tó bá ń tilẹ̀kùn mọ́ iná, ẹ̀rù irú rẹ̀ ń ba àwọn. Ìwé náà dára, ṣùgbọ́n àwọn tó ní ilẹ̀kùn ni kí o máa júwe rẹ̀ fún. Èkejì ń kọ́ obìnrin tó ń ṣòwò bí yóò ṣe máa fi owó sí báńkì. Ó ní owó náà yóò máa bímọ níbẹ̀. Ìyá béèrè pé ta ni yóò máa tọ́ àwọn ọmọ náà. Mo wá a títí, n kò rí i nínú ìwé.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó dá ọ̀ràn sílẹ̀, ìwé Àbíkẹ́ ará Ṣógúnlé. Fọ́tò Tinúadé Ọládòṣù tó kọ ọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ire-Akari ló ń gbé. Kò wé gèlè. Ìyá ní kí n máa fi ẹ̀yìn ìwé náà délẹ̀ kí òtútù má baà mú ọmọ ọlọ́mọ. Àbíkẹ́ yìí, aránṣọ ni. Yàrá kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ gbà ní Ṣógúnlé, ọkọ rẹ̀ ń gbẹ́rù ní pápá ọkọ̀ òfurufú, àwọn ará ilé ọkọ a sì máa wá jókòó tì í, wọn a máa bú u pé kò bímọ. Tíṣà Babáwálé ní àròsọ ni, pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ṣé Ṣógúnlé kò sí ni? Ó ní ó wà. Ṣé ojú irin Òṣòdì kò sí ni? Ó ní ó wà. Mo ní ilé wà, ọ̀nà wà, ẹni tó ń gbébẹ̀ nìkan ni kò sí? Ó pè mí ní olóríkunkun, ó bá tirẹ̀ lọ. Ta ni yóò jókòó ti yíǹkì, tí yóò máa kọ irọ́ tó nípọn tó báyẹn?

Nígbà tí Àbíkẹ́ lóyún, ìyá dìde jókòó lórí ẹní. Wọ́n ní kí n bá àwọn bu èlùbọ́ wá. Èlùbọ́ tí Táíyé gbé bá ọ lóṣù tó kọjá, tí o ní ó pọ̀ jù, ti Àbíkẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ náà kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Bí mo ṣe ń dá iwájú ìwé náà kà lóko, mo rí i pé Àbíkẹ́ kú lórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin yè. Sẹ̀kínátù, mo pa ìwé náà dé. Mo rò ó pé bí ìyá bá gbọ́ èyí, a ó sin wọ́n ni. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo jókòó tì wọ́n, mo ṣí ìwé náà, mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń kà á, mo sì ní ọkọ Àbíkẹ́ ríṣẹ́ sí Kánò, Àbíkẹ́ sì bá a lọ, wọ́n wọ rélùwéè ní Òṣòdì.

 Ìyá ní, Àbíkẹ́ náà ti kú nìyẹn.

Wọ́n ní àwọn ti ń fura sí Kánò yẹn tipẹ́. Wọ́n ní aṣọ tí mo gbé wá nígbà Iléyá, tí mo ní Wàsílátù ló fi ránṣẹ́, àwọn fúnra àwọn ti ná an rí lọ́jà Ìwó. Wọ́n ní àwọn kò bi mí débi tí n ó fi sọ ọ́, nítorí àwọn rí i pé ẹrù náà ti wúwo jù fún mi. Wọ́n wá ní kí n ka ohun tó wà nínú ìwé, kí n yé fi ẹnu mi kún un. Mo kà á dé òpin. Wọ́n sunkún, wọ́n ń pe orúkọ àwọn méjèèjì, Àbíkẹ́, Wàsílátù, Àbíkẹ́, Wàsílátù. Èmi náà sunkún. Wọ́n ní Tinúadé ṣeun, òun nìkan ni kò fi nǹkan pa mọ́ fún àwọn.

Nítorí náà, jọ̀wọ́ wá owó díẹ̀ fi ránṣẹ́ kí a fi ṣe sàráà fún Wàsílátù, kò sí ohun tí a ó fi pamọ́ mọ́. Lọ sí Ìsọlọ̀, kí o ṣán koríko tó bo ojú oórì rẹ̀. Kí o yà ní Ire-Akari, kí o bá ìyá kí Tinúadé, kí o sì bi í léèrè ẹni tó ń tọ́ ọmọ Àbíkẹ́. Bí kò bá sẹ́ni, kí o gbé e wá. Ọ̀já tí ìyá fi pọn Wàsílátù ṣì wà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó wà lórí okùn níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Wọ́n ní kí o tún fi ìwé ránṣẹ́, ti obìnrin ni o, nítorí ọkùnrin a máa fi nǹkan pamọ́. N kò bá wọn jiyàn.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ ní Mafolúkù. Wàá fọwọ́ ara rẹ gbé ọmọ rẹ jó. Ọlọ́run má sì jẹ́ kí n jókòó níwájú ìyá wa láéláé, kí n máa sọ pé ìwọ náà ti lọ sí Kánò.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sàláúdéènì.