Itan Àsíátù Tó Ṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Ìdírísù ọmọ mi ní Kútọnu,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara ń gbé iṣẹ́? Olùkọ́ tó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé ní kí n kọ́kọ́ kí ọ lórúkọ Révolution, ìyẹn ìjọba tuntun yìí, mo kí ọ lórúkọ rẹ̀, mo sì tún kí ọ lórúkọ Ọlọ́run tó fi ọ́ ta mí lọ́rẹ, torí òun ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ Kútọnu má gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bàbá yín náà ń kí ọ. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi, fara balẹ̀ kà á.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ibà ti rọ ẹ̀gbọ́n rẹ Àsíátù lẹ́sẹ̀ ní kékeré, inú yàrá ló ń gbé, tó ń hun ẹní. Lẹ́yìn ìkórè, láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé e kí n lè wẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe máa ń gbé e láti ọjọ́ yìí wá, àfi bí itan rẹ̀ ṣe dún pàá bí igi gbígbẹ. N kò jù ú, n kò já a sílẹ̀. Ó pariwo, èmi náà pariwo. Kó tó di ọ̀sán, Scholastique aládùúgbò wa ti ń sọ ọ́ nídìí kànga pé ìtọ́jú arọ ti sú mi, pé mo na án títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣẹ́. Kámárádì délégué tó ń ṣe olórí abúlé wa báyìí wá jókòó, ó ní Révolution ò fẹ́ kí wọ́n máa fìyà jẹ aláìlágbára, ó bi mí bóyá igi ni mo fi lù ú. Ohun tó dùn mí jù ni pé bàbá yín pàápàá ń wo ọwọ́ mi.

Ọkọ̀ Cyprien tó ń kó epo pupa la fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe rádíò fún un. Mo fi ìborùn bojú, mo rò pé wọ́n fẹ́ kéde mi fún gbogbo ìlú bí wọ́n ṣe ń kéde àwọn ọ̀tá Révolution. Mo bẹ nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Philomène pé kó má dárúkọ ilé bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní fọ́tò egungun ni rádíò tiwọn. Fọ́tò náà dúdú, wọn ò ya ojú Àsíátù sí i rárá, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ ká di irun rẹ̀ ká tún un yà.

Dókítà gbé fọ́tò náà sí ojú fèrèsé. Ó ní egungun Àsíátù ti fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ ti dà bíi ṣùkù àgbàdo tí kòkòrò jẹ. Ó ní ẹsẹ̀ tí kì í tẹ ilẹ̀, tí kì í rí oòrùn, egungun rẹ̀ á máa joro láìsí ẹni tó mọ̀, pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ àwọn tí kò lè rìn, ẹlòmíì á kàn yí padà lórí ẹní, á sì ṣẹ́. Ó ní kálísíọ̀mù ti kúrò níbẹ̀. Mo bi í pé ta ni ìyẹn, ibo ló gbà lọ, ká lè lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà. Ó ní inú wàrà ló wà, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegun-teegun. Mo wá bi í ní èyí tó wà lọ́kàn mi, pé ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi ló ṣẹ́ ẹ. Ó ní rárá. Mo ní kó tún un sọ kí bàbá yín gbọ́, ó sì tún un sọ. Bàbá yín ni wọ́n gbé ẹrù mi nígbà tí à ń bọ̀.

Wọ́n fi ẹfun tútù rẹ́ ẹsẹ̀ náà bí ẹni rẹ́ ògiri, kó lè gan, kó di egungun náà mú. Scholastique gbé ilá wá, kò tọrọ àforíjì, a ṣáà jẹ ilá náà. Nígbà tí wọ́n gé ẹfun ọ̀hún kúrò, tí egungun ti so, Philomène ní ká máa gbé e dúró díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn. Bàbá yín ri òpó méjì mọ́lẹ̀ ní àgbàlá, wọ́n fi ọparun dábùú wọn. Ní Jímọ̀ tó kọjá, a dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó di ọparun mú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wò mí títí, ó ní, Ìyá, ẹ mà kúrú o. Ìdírísù, ọmọ yìí ga jù mí lọ! Gbogbo ọdún tí mo fi ń gbé e, n kò mọ̀.

Tí owó bá wà lọ́wọ́, bá wa ra wàrà inú agolo. Kí o sì ra aṣọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣùgbọ́n má ra ìwọ̀n tí o máa ń rà, ti ẹni tó jókòó nìyẹn. Ra ti ẹni gíga.

Ọlọ́run á fún ọ ní eegun líle, kò ní jẹ́ kí wọ́n ká ohun tí o kò ṣe mọ́ ọ lọ́wọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàdíátù, ní Ifangni.