Ọ̀bẹ Ìbọ̀sẹ̀ Ọkọ Ìyàwó

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Mo rí i lónìí. Kì í ṣe òun gan-an o — àwòrán rẹ̀, nínú fóònù ìyàwó.

Ọmọge òyìnbó kan wọ ṣọ́ọ̀bù George ní Stone Mountain, níbi tí mo ti máa ń gbẹ́ èèkù ọ̀bẹ ní gbogbo Sátidé. Bridget lorúkọ rẹ̀. Ará Scotland ni ìdílé bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọkọ òun wọ kilt, síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin wọn, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ ìbọ̀sẹ̀. Sgian dubh ni wọ́n ń pè é. George ní "du" ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ kejì yẹn, pé dúdú ló túmọ̀ sí. Èmi kúkú mọ̀ bẹ́ẹ̀ láì jẹ́ pé wọ́n kọ́ mi.

Mo ní kó fi ọkọ hàn mí, kí n mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ó ṣí fóònù. Adélékè! Ọmọ Mummy fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín funfun báláú. Kò lè mọ̀ pé mo ń gbẹ́ igi. Lẹ́yìn tó fi mí sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀.

Mo bi í léèrè ọwọ́ tí ọkọ ń lò. Ó ní ọ̀tún. Mo ní kò burú.

Mi ò gbẹ́ nǹkan kan mọ́ títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò gbọ́ ìwàásù kankan. Kí n dárí jì í? Kí Ọlọ́run má bínú, kò tíì yá.

Àfẹ́sọ́nà mi ni Lékè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí dókítà ní àfi kí wọ́n yọ ilé ọmọ mi, òun nìkan ni mo sọ fún. Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún ẹgbẹ́ aládùúrà. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, àwọn sister tí a ò jọ jẹun rí ti ń gbọ́wọ́ lé ikùn mi láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pàṣẹ pé kí ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ṣí. Ọmọ Mummy jókòó sẹ́yìn, ó ń wo bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní Ẹ̀mí ò fọwọ́ sí ìgbéyàwó wa mọ́. Ó kó lọ sí Alpharetta, ó yí ṣọ́ọ̀ṣì padà.

Kò bẹ̀ mí. Kò tiẹ̀ pè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Mo fọ́ eyín àtọwọ́dá kan ní lab eyín tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá bi mí bóyá ara mi ò yá. Ara mi yá gan-an ni!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Ìrònú burúkú. Tí mi ò bá kan ìṣó mọ́ ìdí irin ọ̀bẹ, tó jẹ́ gọ́ọ̀mù lásán ni mo fi lẹ̀ ẹ́ — bí Lékè bá fẹ́ fi gé kéèkì ìgbéyàwó, èèkù á kù sí i lọ́wọ́, irin á há sínú kéèkì. Níwájú gbogbo èèyàn! Mo rẹ́rìn-ín títí Baba Síkẹ́ẹ̀tì fi yọjú — George nìyẹn, kilt ló ń wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ — pé kí ló ń dùn mọ́ mi.

Rárá. Wọ́n á ní oníṣẹ́ ni ò mọṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ fìyà jẹ Lékè, iṣẹ́ tó dáa ni mo máa fi ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti rí i!

Ojú méjèèjì èèkù yìí kì í dọ́gba. Èyí tó kọjú síta la máa ń fín ọnà sí. Èyí tó kan ara ẹsẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má baà máa ha èèyàn. Ẹni tó ń lo ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń kì í sí. Ti ẹni tó ń lo òsì, òdìkejì ni. Tí a bá ṣì í ṣe, ọnà á dojú kọ ara, pẹrẹsẹ ló máa hàn síta.

Òsì ni Lékè ń lò. Kò sẹ́ni tó mọ̀, àfi èmi àti ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ di ọwọ́ náà mọ́ ọn lára nígbà tó wà ní kékeré, pé ọmọ òun ò ní fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Níwájú èèyàn, ọ̀tún ló fi ń jẹun, òun ló fi ń kọ̀wé. Tó bá ku àwa méjì nìkan, òsì ló fi ń bó ọsàn fún mi.

Òsì ni mo máa ṣe é fún. Kí ìyàwó wá béèrè ẹni tó sọ fún mi.

Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ wàyí.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Ó parí. Igi dúdú, ọnà tó lọ́ mọ́ra bí irun dídì, òkúta aláwọ̀ oyin lórí. Mo gbẹ́ kòtò díẹ̀ fún àtàǹpàkò òsì rẹ̀. Mi ò ṣe èyí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn mí pé ó dáa tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dàlẹ̀!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Bridget wá gbé e. Kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì lára ọ̀bẹ. Ó dì mọ́ mi, ó ní "Thank you, P.J." Ojú tì mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Bridget ò tíì wá béèrè nǹkan kan. Àbí Lékè ti fi ẹnu dídùn rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Bridget nínú ọkọ̀ níwájú ilé mi. George ló fún un ní àdírẹ́sì. Mo mú un wọlé, mo gbé tíì fún un.

Ó ní ọjọ́ Sunday ni Lékè wọ aṣọ náà wò níwájú bàbá òun. Ó fi ọ̀tún mú ọ̀bẹ, kò rọrùn. Ó gbé e sí òsì láìronú, ó sì bá a lọ́wọ́ mu régé. Ó kì í bọ ìbọ̀sẹ̀ òsì bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín pé òun ò mọ̀ pé òsì ló ń lò. Lékè ní ṣọ́ọ̀bù ló ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n ìyàwó ti rí ọwọ́ yẹn. Ó ní ọdún méjì làwọn ti jọ wà, òun ò mọ̀. Èmi tí mi ò rí ọkọ òun rí, báwo ni mo ṣe mọ̀?

Ìbéèrè tí mo ń retí nìyẹn. Mo ní George ló gé orúkọ mi kúrú sí P.J. Péjú ni mí.

Ó dìde. Ó tún jókòó.

Péjú ti kú, ó ní. Àfẹ́sọ́nà Lékè tẹ́lẹ̀, orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ló kú sí. Wọ́n ń tan àbẹ́là fún mi lọ́dọọdún. Lékè máa ń sunkún! Wọ́n tiẹ̀ ti ya àga kan sọ́tọ̀ fún mi níbi ìgbéyàwó, iwájú pátápátá, kò sí orúkọ lára rẹ̀, òdòdó nìkan, bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe fún òkú wọn.

Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ohun tó fi ṣe mí. Háà, Lékè. O sin mí, o wá fi òkú mi fẹ́ ìyàwó!

Mo ká aṣọ sókè, mo fi àpá iṣẹ́ abẹ náà hàn án. Ó wò ó dáadáa. Tíì tí mo gbé fún un tutù síbẹ̀.

Ó béèrè ohun tí a máa ṣe. Mo ní ibo ni ìyá Lékè máa jókòó sí? Ó ní ẹ̀gbẹ́ àga yẹn gan-an. Mo ní kó má fagi lé nǹkan kan, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kó sáà bá mi kó òdòdó kúrò lórí àga mi.

Ó nu ojú. Ó ní aago méjì ọ̀sán ni, Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n má pẹ́ o.