Ìgbín Oyìnbó Tí O Fi Ránṣẹ́ Sí Mi

Ilé Onípáànù Pupa,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Òkìtìpupa.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, 1971.

Vincent, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé ara le? Helen ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńjọ́sí, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Wọ́n ní òjò Èkó ò jẹ́ kéèyàn rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí. Tiwa níbí náà ò kéré. A wà láàyè, a dúpẹ́. Rose wa ń dàgbà, oyún inú Dora náà ti tó èyí tí kì í jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ mọ́.

Mo ti kí ọ tán. Ó yá, jẹ́ kí n bá ọ jà.

Kí ni mo ṣe fún ọ, Vincent? Oyìnbó tí ò ń se oúnjẹ fún ń lọ sílé rẹ̀, ó fún ọ ní àpótí dígí olómi, yàrá rẹ ò gbà á, èmi lo wá rántí. O gbé e sínú lọ́rì. Gbogbo ẹja inú rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó já a sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi. Ìgbín omi méjì ló kù, ara wọn yẹ́lò bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. O tún wá kọ̀wé pé ọ̀gá rẹ tuntun ń wá irú wọn, kí n bá ọ tọ́jú ẹyin wọn kó pa.

Èmi náà ní ṣé ìyẹn náà ni nǹkan? Èmi Lucas, tí mo fi ìwé kíláàsì méjì kọ́ ilé, tí àwọn tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń tò síwájú ìsọ̀ mi ra páànù, ṣé ẹyin ìgbín ló máa wá le jù mí lọ? Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà lọ́dọ̀ mi pé ìgbín oyìnbó máa bímọ sí pálọ̀ mi. Benedict tó ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ní, "Lucas, o ò tíì rí ẹran mìíràn sìn?" Mo ní kó dúró ná, yóò ríran.

N ò mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀ láti Àjàgbà. Ìyá Dora dé láti wá dúró ti ọmọ rẹ̀ títí á fi bímọ. Apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ púpurú ò tíì kúrò lórí rẹ̀ tó ti fi igbe ta.

"Ọkọ Dora! Ìgbín? Nínú ilé aboyún? Ṣé ọmọ tí itọ́ á máa ṣe yọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lo fẹ́ kí ọmọ mi bí fún ọ ni?"

Mo ní, "Màmá, jíjẹ ni aboyún kì í jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́ níbí."

Ó ní ẹni tó bá ń wò ó lójoojúmọ́ ti fi ojú jẹ ẹ́. Kí n kó o dànù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á mú ọmọ òun lọ bímọ sí Àjàgbà. O mọ̀ mí, n kì í bá àna fa ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó èmi Lucas kẹ́rù lọ bímọ sílé bàbá rẹ̀ nítorí ìgbín? Ojú wo ni mo máa fi wo aráyé? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè kí ẹyin wọn pa, kí n kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Bí oṣù tuntun bá lé tí kò pa, màá fi ọwọ́ ara mi dà wọ́n nù. Ó gbà, ó sì ń ka ojú òṣùpá láti ọjọ́ náà.

Ìgbín náà yé. Ta ló máa mọ̀ pé ẹran tó ń gbé inú omi á gun dígí jáde, kó lọ yé sókè gbígbẹ lábẹ́ ọmọrí? Ẹyin náà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí èrìgì ọmọ tuntun, ó ṣù mọ́ra bí ọmọ àgbàdo. Mo ní ìyá rẹ̀ ti ṣìnà, ọmọ omi, omi ló ń gbé. Mo fi ọ̀bẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo tì í sísàlẹ̀ omi. Kò pẹ́, ó rà. Òórùn tó gba pálọ̀ mi, bí o bá gbọ́ ọ, o ò ní dárúkọ ìgbín mọ́ láyé. Màmá fi ìró bo imú, ó kàn ń wò mí. Wíwò náà dùn mí ju èébú lọ.

Ó tún yé. Lọ́tẹ̀ yìí mo lo ọpọlọ. Kí ni ìgbín oko wa ń ṣe? Ilẹ̀ ló ń gbẹ́, á yé síbẹ̀, á bò ó. Mo bu ilẹ̀ dúdú sínú agolo, mo ri ẹyin náà mọ́ ọn, mo fi ewé kókò bò ó, mo gbé e sójú fèrèsé. Eèrà pupa jẹ ẹ́ tán pátápátá. Benedict ní eèrà Òkìtìpupa ti jẹ oúnjẹ òkè òkun.

Ó yé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ibi tí ìyá rẹ̀ fi í sí ni kó wà. Mo lọ já páànù sí Ìrẹ̀lẹ̀. Mo dé, dígí mọ́ tónítóní! Màmá ti ha gbogbo rẹ̀. Ó ní òun rí nǹkan kan tó hù bí olú, òun bá mi tún ilé ṣe.

"Níbo lẹ dà á sí, Màmá?"

"Mo sọ ọ́ sẹ́yìn àmù."

Inú bí mi débi pé n ò wo ẹ̀yìn àmù náà. Láti ìgbà náà, àwọn ìgbín ò yé mọ́.

Oṣù tuntun lé. Màmá di ẹrù Dora, Dora ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo gbé àpótí lójú Benedict àti àwọn tó bá a wá fi mí ṣe ẹlẹ́yà, mo ń lọ dà á nù ní ẹ̀yìnkùlé. Ni Màmá, tó fẹ́ bu omi mu kí wọ́n tó lọ, bá figbe ta nínú ilé.

"Ọkọ Dora! Ẹ gbà mí o!"

Mo sáré wọlé. O mọ àmù wa, tó máa ń làágùn, tí iyanrìn ìdí rẹ̀ kì í gbẹ. Ọmọ ìgbín wínníwínní ti bo ara rẹ̀ bí ìrẹsì tí wọ́n fọ́n sí i! Gbogbo ibi tí mo fi ọgbọ́n gbé ẹyin sí, ó kọ̀. Ibi tí Màmá jù ú sí, tí kì í ṣe inú omi, tí kì í sì í ṣe gbígbẹ, ibẹ̀ ló ti pa.

Benedict yọjú, ó dọ̀bálẹ̀: "Ìyá ìgbín, ẹ kú ewu ọmọ o!"

Màmá wò ó, ó wò mí, ó wo àwọn ọmọ náà. Vincent, obìnrin yìí mú ìyẹ́ adìẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wọn jẹ́jẹ́ sínú igbá, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n kó wọn ránṣẹ́ sí ọ.

"Vincent wo? Vincent ló pa ẹyin wọn?"

Ó ní aboyún ò gbọdọ̀ bá ìgbín gbélé, ìyẹn ò yí padà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ọwọ́ òun wáyé, òun kì í dà á nù. Nítorí náà, kí Dora tú ẹrù, ìgbín ló ń lọ sí Àjàgbà.

Àná ni mo gbé àpótí, ìgbín méjèèjì àti gbogbo ọmọ wọn sínú táksí fún un. Ó ní òun á padà kí Dora tó rọbí. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Orúkọ tí mo fẹ́ fi wọ́n ní ti bá wọn lọ. Ní gbogbo ìlú báyìí, èmi ni àna ìyá ìgbín. Dora ní kí n má bínú, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Bí ọ̀gá rẹ bá ṣì ń wá ọmọ ìgbín, má kọ̀wé sí mi. Wọkọ̀ lọ sí Àjàgbà, kí o dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́mọ. Mú áṣáà dání, ó fẹ́ràn rẹ̀. Bí oyìnbó mìíràn bá sì tún ń lọ sílé tó fún ọ ní nǹkan, kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń yé ẹyin, kí o tó rántí mi.

Bá mi kí Helen, kí o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Dora ń kí yín, Rose náà ń kí yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ìgbín mọ́, ṣùgbọ́n tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nílé,

Lucas Àjíṣafẹ́.